ORÍ KEJE: Ọ̀fun Dídùn Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ oríkì àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì tí ó jẹ mọ́ ọ̀fun dídùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ;
(b) ṣàlàyé ìdí tí a fi ń ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí aláìsàn tí ó wà lójú oorun abẹ;
(d) ka ohun mẹ́rin, ó kéré tán, tí ó ń mú kí ọ̀fun máa dunni lẹ́yìn abẹ;
(e) sọ bí a ṣe lè dènà rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́;
(ẹ) tọ́jú aláìsàn tí ọ̀fun ń dùn, ní wọ́ọ̀dù àti nílé;
(f) dá àmì ewu mọ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ ké sí dókítà kíákíá.

7.1 Ìfáárà

Wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ènìyàn ní ikùn, ní ẹsẹ̀ tàbí ní ọmú, kí ó jí, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀fun ni yóò kọ́kọ́ ráhùn rẹ̀. Èyí máa ń ya aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé ọ̀bẹ kò dé ọ̀fun rárá. Ẹlòmíràn á rò pé àrùn tuntun ti wọlé. Ẹlòmíràn á sì rò pé wọ́n ṣe àṣìṣe kan tí wọn kò sọ fún òun.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣọ̀wọ́n. Nínú aláìsàn márùn-ún tí a ti rọ́bà èémí bọ gògóńgò wọn, ó tó méjì tí ọ̀fun máa ń dùn lẹ́yìn abẹ. Nínú márùn-ún tí a lo máàsìkì gògóńgò fún, ó tó ẹnì kan. Iye tí ìwádìí kọ̀ọ̀kan ń rí máa ń yàtọ̀ síra, ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ sì ni bí a ṣe ń béèrè. Bí nọ́ọ̀sì bá kàn béèrè pé, "Ṣé ara ti le?", púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ni kò ní mẹ́nu kan ọ̀fun. Bí ó bá béèrè ní tààrà pé, "Ṣé ọ̀fun kò dùn yín?", àwọn tí yóò dáhùn pé ó ń dun àwọn á pọ̀ sí i. Nítorí náà, bíbéèrè ní tààrà jẹ́ ara iṣẹ́ ìtọ́jú.

7.2 Oríkì àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Oògùn akunnilóorun: oògùn tí a gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí tí aláìsàn fà símú, tí ó ń mú un sun oorun ìjìkà, tí kò fi ní mọ ohun tí ń lọ, tí kò sì ní mọ ìrora iṣẹ́ abẹ.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn: abẹ́rẹ́ tí a gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ó ń mú kí ara kú láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Ojú aláìsàn wà lóke, ó ń mí fúnra rẹ̀, a kì í sì ti rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ni wọ́n ń fún ní irú abẹ́rẹ́ yìí.

Káà ọ̀fun: àyè tí ó wà lẹ́yìn ẹnu àti imú. Oúnjẹ àti èémí jọ ń gba ibẹ̀ kọjá.

Gògóńgò: ẹnu ọ̀nà èémí, tí a lè fọwọ́ bà níwájú ọrùn.

Tán-án-ná: ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì inú gògóńgò tí wọ́n ń gbọ̀n nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń wá.

Kòmóòkun: ọ̀pá èémí tí ó ti ìsàlẹ̀ gògóńgò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Rọ́bà èémí: rọ́bà gbọọrọ oníhò tí a ti ẹnu, tàbí imú nígbà mìíràn, tì gba àárín tán-án-ná kọjá sínú kòmóòkun.

Àpò afẹ́fẹ́: àpò kékeré tí ó yí ìsàlẹ̀ rọ́bà èémí ká. Bí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò wú, yóò sì dí àlàfo tí ó wà láàárín rọ́bà àti ògiri kòmóòkun.

Máàsìkì gògóńgò: ohun èlò tí ó jókòó sórí gògóńgò láti òkè, láìwọ inú kòmóòkun.

Irin ìwo-ọ̀fun: irin abìmú, tí ó ní iná, tí dókítà fi ń gbé ahọ́n sókè kí ó lè rí tán-án-ná.

Ohùn híhá: ohùn tí ó há tàbí tí ó wọlẹ̀, tí kò já gaara bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ọ̀fun dídùn ẹ̀yìn abẹ: ìrora, gbígbẹ, ìyún tàbí ìnira nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì, tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn jí lójú oorun abẹ, tí kò sì sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

7.3 Ìdí tí a fi ń ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí

Ẹni tí oògùn akunnilóorun ti wọ̀ lára kò dà bí ẹni tí ó sùn lóru. Ohun mẹ́ta ni ó yàtọ̀.

Èkíní, gbogbo ẹran ara rẹ̀ ti rọ̀. Ahọ́n lè ṣubú sẹ́yìn kí ó dí ọ̀nà èémí pa.

Èkejì, ikọ́ àti ìgbémì tí ń ṣọ́ ọ̀nà èémí ti sùn pẹ̀lú rẹ̀. Bí ohun tí ó wà nínú ikùn bá pọ̀ wá sókè, ó lè gba gògóńgò wọ ẹ̀dọ̀fóró, èyí sì lè pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí aláìsàn má jẹ oúnjẹ fún wákàtí 6 ṣáájú oorun abẹ, kí ó má sì mu omi lásán fún wákàtí 2.

Ẹ̀kẹta, nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ, dókítà máa ń fi oògùn kan kún un tí ó ń mú kí gbogbo iṣan rọ̀ pátápátá. Aláìsàn kò ní lè mí fúnra rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ni yóò máa mí fún un. Ẹ̀rọ náà nílò ọ̀nà kan tí kò jò, rọ́bà èémí ni ọ̀nà náà.

Ìtàn ní ṣókí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, William Morton fi ether kun aláìsàn kan lóorun níwájú àwọn dókítà ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Aláìsàn náà kàn fa oògùn náà símú ni, kò sí rọ́bà ní ọ̀fun rẹ̀. Ní ọdún 1878, William Macewen ti ìlú Glasgow gba ẹnu ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí aláìsàn kí ó lè fi kun ún lóorun. Ní ọdún 1928, Arthur Guedel àti Ralph Waters ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rọ́bà tí ó ní àpò afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1981, Archie Brain bẹ̀rẹ̀ sí í lo máàsìkì gògóńgò ní London, ohun èlò náà sì bọ́ sọ́jà ní ọdún 1988. Rọ́bà èémí ti gba ẹ̀mí ènìyàn púpọ̀ là. Ọ̀fun dídùn sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ó ń bá a rìn.

7.4 Ohun tí ó ń fa ọ̀fun dídùn

Ojú ọ̀fun àti kòmóòkun rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì máa ń tutù fún itọ́. Ohun tí ó bá fara gbún wọn, tí ó tẹ̀ wọ́n tàbí tí ó gbẹ wọ́n yóò mú kí wọ́n pọ́n, kí wọ́n wú, kí wọ́n sì máa dùn.

7.4.1 Títì rọ́bà bọ̀ ọ́n. Irin ìwo-ọ̀fun lè ha ẹran ẹ̀yìn ahọ́n. Ẹnu rọ́bà lè gbún tán-án-ná. Bí ọ̀nà bá ṣòro láti rí, tí dókítà sì ní láti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ìfarapa á pọ̀ sí i.

7.4.2 Ìwọ̀n rọ́bà. Bí rọ́bà bá ti tóbi tó ni yóò ṣe máa fún tán-án-ná tó. Rọ́bà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 8 yóò fún ọ̀nà èémí obìnrin mọ́lẹ̀ ju èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 6.5 tàbí 7 lọ.

7.4.3 Agbára inú àpò afẹ́fẹ́. Kókó yìí ṣe pàtàkì. A máa ń fẹ́ kí agbára inú àpò náà wà láàárín 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà omi. Bí ó bá dín sí 20, ó lè máa jò. Bí ó bá ju 30 lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wà lára ògiri kòmóòkun. Bí ó bá dé 50, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ojú ibi tí àpò náà tẹ̀ mọ́. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò di egbò.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí agbára náà ṣe ń kọjá ààlà. Lára rọ́bà èémí ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, àpò kékeré mìíràn sì wà ní ìparí rẹ̀, tí ó máa ń wà lóde ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ á fi síríńjì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á fi ìka méjì tẹ àpò òde náà wò, á ní, "Ó ti tó." Ìka kò lè ka ìwọ̀n. Afẹ́fẹ́ mìlílítà 10 tí a kàn fẹ́ sí i láìwọ̀n ọ́n lè ti kọjá ààlà dáadáa. Bí a bá tún ń lo afẹ́fẹ́ náítírọ́ọ̀sì ọ́kísáìdì láti fi kun aláìsàn lóorun, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́ wọ inú àpò náà, agbára á sì máa ga sí i bí wákàtí ti ń lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án.

7.4.4 Gbígbẹ. Imú ni ó máa ń mú kí èémí wa ní ọ̀rinrin kí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èémí tí ó ń gba inú rọ́bà kọjá kì í kan ara imú, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ sì gbẹ. Oògùn kan wà tí dókítà máa ń fún aláìsàn láti gbẹ itọ́. Ẹ fi ààwẹ̀ ṣáájú abẹ kún un: ọ̀fun á gbẹ fúrúfúrú.

7.4.5 Àwọn ohun mìíràn. Fífi rọ́bà fa itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lè ha ẹ̀yìn ọ̀fun bí a kò bá wo ibi tí a ń tì í sí. Rọ́bà tí ó gba imú lọ sí ikùn náà ń gbún ọ̀fun. Bí aláìsàn bá wú ikọ́ gan-an nígbà tí rọ́bà ṣì wà lọ́nà, yóò máa fi tán-án-ná gbá rọ́bà náà.

7.5 Àwọn tí ó ṣeé ṣe kí ó bá jù

Ọ̀fun dídùn lè bá ẹnikẹ́ni tí a ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀. Àwọn tí a máa ń rí i lára wọn jù nìwọ̀nyí:

(a) obìnrin, tí ọ̀nà èémí wọn máa ń kéré ju ti ọkùnrin lọ;
(b) ẹni tí ń mu sìgá, tàbí tí ó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró;
(d) ẹni tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ pẹ́;
(e) ẹni tí ó ṣòro láti ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀;
(ẹ) ẹni tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ tàbí tí wọ́n ń yí ọrùn rẹ̀ kiri nígbà iṣẹ́ abẹ, nítorí pé rọ́bà á máa yí pẹ̀lú ọrùn;
(f) ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ tàbí iṣẹ́ abẹ ọrùn mìíràn fún.

Ẹni tí wọ́n gé tọ́ńsù fún wà lọ́tọ̀. Ọ̀fun gan-an ni ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ìrora rẹ̀ á pẹ́ ju èyí tí rọ́bà ń fà lọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ kò sí lára orí yìí.

7.6 Ìdènà

7.6.1 Ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ fún aláìsàn tẹ́lẹ̀ pé ọ̀fun lè dùn ún fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó ti gbọ́ kò ní jáyà nígbà tí ó bá dé. Kí a béèrè bóyá eyín kan ń mì, bóyá ó ń lo eyín àtọwọ́dá, bóyá wọ́n ti sọ fún un rí pé ó ṣòro láti ti rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀. Kí a sọ fún ẹni tí ń mu sìgá pé kí ó dáwọ́ dúró ní kíákíá bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Kí a sì jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ó lè mu omi títí di wákàtí 2 ṣáájú oorun abẹ, àyàfi bí dókítà bá sọ ohun mìíràn. Ẹni tí ó ti ṣe ààwẹ̀ omi láti alẹ́ àná yóò jí pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ.

7.6.2 Nígbà iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ dókítà akunnilóorun ni èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tíátà mọ̀ ọ́n:

(a) kí a lo rọ́bà tí kò tóbi ju bí ó ti yẹ lọ;
(b) kí a lo máàsìkì gògóńgò níbi tí ó bá ti bá iṣẹ́ àti aláìsàn mu, tí kò sí ewu kí ohun inú ikùn pọ̀ wá;
(d) kí a fi ẹ̀rọ ìwọ̀n agbára wọn àpò afẹ́fẹ́, kí a sì tún un wọ̀n bí iṣẹ́ bá pẹ́;
(e) kí a mú kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ ní ọ̀rinrin;
(ẹ) kí a fi ẹ̀sọ̀ fa itọ́, níbi tí ojú ti rí i;
(f) kí a yọ rọ́bà lọ́nà tí kò ní jẹ́ kí aláìsàn wú ikọ́ líle.

Àwọn oògùn kan náà ń dín ọ̀fun dídùn kù. Lára wọn ni dexamethasone tí a gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, àti benzydamine tàbí ketamine tí aláìsàn fi fọ ọ̀fun ṣáájú oorun. Dókítà nìkan ni ó lè pinnu èyí tí ó yẹ aláìsàn kọ̀ọ̀kan.

7.7 Ìtọ́jú

Ohun àkọ́kọ́ tí olùtọ́jú gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ìfarapa ni èyí, kì í ṣe àrùn tí kòkòrò fà. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò wò ó sàn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti mú ìnira rọrùn títí ara yóò fi ṣe tirẹ̀.

7.7.1 Ní wọ́ọ̀dù

(a) Rí i pé aláìsàn ti jí dáadáa, pé ó ń dáhùn, pé ó ń wúkọ́, pé ó sì lè gbé itọ́ mì.
(b) Gbé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè bí irú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bá gbà á láyè.
(d) Wo ìwé ìlànà dókítà kí o tó fún un ní ohunkóhun. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún lè wà lára àwọn tí kò gbọdọ̀ mu omi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, fi òwú tútù nu ètè àti ẹnu rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ó yọ omi lẹ́nu kí ó tu ú nù.
(e) Bí wọ́n bá gbà á láyè, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù díẹ̀díẹ̀, ẹnu kan lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá pá a lórí, fún un sí i.
(ẹ) Béèrè nípa ọ̀fun àti ohùn rẹ̀ ní tààrà, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

7.7.2 Nílé

*Mímu àti jíjẹ.* Kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ̀kọ mímu tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀kọ tútù, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, àti àmàlà pẹ̀lú ewédú tí ata rẹ̀ kò pọ̀ á lọ lọ́fun wẹ́rẹ́. Kí ó fi ata líle, ọsàn kíkan, gúgúrú, gaàrí gbígbẹ àti oúnjẹ gbígbóná janjan sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

*Fífi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun.* Ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀ nínú ife omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ó gbé e sẹ́nu, kí ó dá orí sẹ́yìn díẹ̀, kí ó jẹ́ kí omi náà máa hó lọ́fun, lẹ́yìn náà kí ó tu ú nù. Kò gbọdọ̀ gbé e mì. Ó lè ṣe é nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Èyí kò yẹ ọmọdé tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tu omi nù, kò sì yẹ ẹni tí oorun abẹ kò tíì dá lójú rẹ̀.

*Oyin àti suwíìtì ọ̀fun.* Oyin ṣíbí kan máa ń tu ọ̀fun lára. A kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Suwíìtì ọ̀fun dára fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó lè há ọmọ kékeré lọ́nà èémí.

*Oògùn ìrora.* Paracetamol sábà máa ń tó. Àgbàlagbà tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lo hóró méjì oní-500 mìlígíráàmù, kí ó tó wákàtí 6 kí ó tó tún lò ó, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Kí a ṣọ́ra: paracetamol lè ti wà nínú oògùn mìíràn tí ilé ìwòsàn fún un, a gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn. Kí ẹni tí ó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà ṣáájú. Ibuprofen àti diclofenac lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè ya, wọ́n sì lè pa ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín lára. Nítorí náà, dókítà ni kí ó fọwọ́ sí i.

*Ohùn.* Kí ó dín ọ̀rọ̀ sísọ kù. Olùkọ́, akọrin, oníwàásù, àti ẹni tí ń polówó ọjà gbọ́dọ̀ fún ohùn ní ìsinmi. Kí ó má kígbe, kí ó má sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà ń ni tán-án-ná lára. Kí ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

*Afẹ́fẹ́.* Kí ó yàgò fún èéfín sìgá, èéfín igi ìdáná, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti eruku. Nígbà ọyẹ́, ọ̀fun máa ń tètè gbẹ. Àwo omi tàbí aṣọ tútù tí a fi kọ́ sínú yàrá á fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin. Kí ó má dorí bo omi híhó, nítorí ó lè jó ojú àti ọ̀fun, ewu rẹ̀ sì pọ̀ jù fún ọmọdé àti ẹni tí oògùn oorun ṣì wà lára rẹ̀.

7.7.3 Ohun tí kò yẹ kí a ṣe

(a) *Oògùn apakòkòrò.* Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì lọ ra kápúsù nígbà tí ọ̀fun bá ti ń dùn wọ́n. Kò sí kòkòrò tí kápúsù náà máa pa níbí. Ó lè da inú rú, ó sì ń mú kí kòkòrò mọ oògùn náà lójú. Bí dókítà bá kọ oògùn apakòkòrò nítorí ojú abẹ, kí aláìsàn lò ó tán bí wọ́n ti kọ ọ́.
(b) *Ataare àti orógbó.* Wọ́n ń ta ọ̀fun tí ó ti bó tẹ́lẹ̀, wọ́n sì le láti jẹ.
(d) *Àgbo àti oògùn tí a pò mọ́ ọtí.* Ọtí ń ta ojú egbò, ó sì lè bá oògùn ìrora jà.
(e) *Ìka tàbí ṣíbí.* Kí ẹnikẹ́ni má ti ohunkóhun bọ ọ̀fun aláìsàn láti fi pa epo tàbí róbù sí i.

7.8 Àmì ewu

Ọ̀fun dídùn lásán kò léwu. Àwọn àmì tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀fun dídùn lásán.

Ké sí dókítà lójú ẹsẹ̀, tàbí gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró, bí:

(a) èémí bá ṣòro fún un, tàbí tí ó ń dún híì-híì bí ó bá ń fà á sínú;
(b) kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀;
(d) ọrùn rẹ̀ ń wú, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀;
(e) ìrora ọ̀fun náà le gan-an, tí ara gbígbóná tàbí àyà dídùn bá a rìn, tàbí tí awọ ọrùn ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà oúnjẹ tàbí káà ọ̀fun ti lu;
(ẹ) ẹ̀jẹ̀ tútù ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Itọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín ta sí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti ojú ibi tí rọ́bà bó, ṣùgbọ́n èyí tí kò dá tàbí tí ó ń pọ̀ sí i jẹ́ ewu.

Padà lọ rí dókítà bí:

(f) ọ̀fun kò bá fúyẹ́ rárá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí ó ṣì ń dùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan;
(g) ohùn ṣì há lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí omi ń pá a lórí nígbàkúùgbà tí ó bá mu ún. Tán-án-ná kan lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí kí oríkèé kékeré inú gògóńgò ti yẹ̀. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

7.9 Àpẹẹrẹ

Ká ní ìyá kan tí ń ta aṣọ lọ́jà ṣe iṣẹ́ abẹ ìju. Iṣẹ́ náà gba wákàtí mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ kú ewu, mà. Ẹ kú oríire. Ṣé ọ̀fun kò dùn yín?"

"Ó ń dùn mí o, nọ́ọ̀sì. Bí ẹni pé mo gbé egungun ẹja mì ni. Ikùn ni wọ́n kúkú là, kí ló wá dé ọ̀fun mi?"

"Ẹ̀rọ ló bá yín mí nígbà tí ẹ sùn, mà. Rọ́bà tó ń gbé èémí náà ló gba ọ̀fun yín kọjá. Wọ́n ti yọ ọ́, ojú ibi tó gbà ló ń dùn. Ṣé ẹ lè gbé itọ́ mì?"

"Mo lè gbé e mì, ó kàn ń ro mí ni."

"Ṣé èémí ń lọ geere?"

"Ó ń lọ."

"Ẹ ṣeun, mà. Dókítà ti ní kí ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, mo máa gbé e wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín dá àwọn tó bá wá kí yín lóhùn. Bó bá ti di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó yẹ kó ti máa lọ. Bí èémí bá ń há, tàbí ọrùn bá ń wú, ẹ pè wá, ì báà jẹ́ òru."

Nọ́ọ̀sì yìí béèrè ní tààrà. Ó sọ ohun tí ó fà á ní èdè tí ó yé aláìsàn. Ó wádìí ìgbémì àti èémí, kí ó lè mọ̀ pé kò sí àmì ewu. Ó wo ìlànà dókítà kí ó tó ṣèlérí omi. Ó ní kí ìyá náà fún ohùn ní ìsinmi, ó sọ ìgbà tí ìrora náà yẹ kí ó lọ, ó sì sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe òun.

7.10 Àkótán

1. Ọ̀fun dídùn wọ́pọ̀ lẹ́yìn oorun abẹ: nǹkan bí aláìsàn méjì nínú márùn-ún tí a lo rọ́bà èémí fún, àti ẹnì kan nínú márùn-ún tí a lo máàsìkì gògóńgò fún.
2. Rọ́bà ń dáàbò bo ẹ̀mí aláìsàn, nítorí pé ẹni tí a kùn lóorun kò lè ṣọ́ ọ̀nà èémí ara rẹ̀.
3. Ìfarapa, títẹ̀ tí àpò afẹ́fẹ́ ń tẹ kòmóòkun, àti gbígbẹ ni olórí ohun tí ó ń fà á.
4. Rọ́bà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ọ̀nà mu, àti agbára àpò tí ó wà láàárín 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà omi, ń dín in kù.
5. Omi díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ rírọ̀, omi iyọ̀, paracetamol ní ìwọ̀n tí ó tọ́, àti ìsinmi ohùn ni ìtọ́jú rẹ̀. Oògùn apakòkòrò kò sí lára rẹ̀.
6. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Èémí tí ó há, ọrùn tí ó wú, itọ́ tí kò ṣeé gbé mì, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, àti ìrora líle pẹ̀lú ara gbígbóná jẹ́ àmì ewu.

Ìdánrawò

A. Mú ìdáhùn tí ó tọ́.

1. Agbára tí ó yẹ nínú àpò afẹ́fẹ́ rọ́bà èémí ni (a) 5 sí 10 (b) 20 sí 30 (d) 50 sí 60 (e) 80 sí 100 sẹ̀ǹtímítà omi.
2. Èwo ni kì í fa ọ̀fun dídùn ẹ̀yìn abẹ? (a) rọ́bà tí ó tóbi jù (b) afẹ́fẹ́ gbígbẹ (d) abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn nìkan (e) fífa itọ́ láìwo ibi tí a ń tì í sí.
3. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lo máàsìkì gògóńgò ní ọdún 1981 ni (a) William Morton (b) William Macewen (d) Ralph Waters (e) Archie Brain.
4. Ẹran méjì tí rọ́bà èémí ń gba àárín wọn kọjá ni a ń pè ní (a) tọ́ńsù (b) tán-án-ná (d) ahọ́n (e) kòmóòkun.

B. Dáhùn ní ṣókí.

5. Kí ni oríkì ọ̀fun dídùn ẹ̀yìn abẹ?
6. Sọ ohun mẹ́ta tí ó mú kí ẹni tí a kùn lóorun yàtọ̀ sí ẹni tí ó sùn lóru.
7. Ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ náítírọ́ọ̀sì ọ́kísáìdì ṣe lè mú kí ọ̀fun dun aláìsàn.
8. Kí ló dé tí a fi ń sọ pé kí aláìsàn tí ohùn rẹ̀ há má sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?

D. Yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

9. Ọkùnrin kan ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ní àárọ̀. Ní alẹ́, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Ọrùn rẹ̀ ti ń wú, èémí rẹ̀ sì ń dún. Ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n fún un ní omi iyọ̀.
 (i) Àmì ewu wo ni o rí?
 (ii) Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe?
 (iii) Báwo ni o ṣe máa fi sùúrù dá ọmọ náà lóhùn?

10. Obìnrin kan ṣe iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ọ̀fun ń dùn ún díẹ̀, kò ní ara gbígbóná, ó ń mí geere, ó sì ń jẹun. Ó fẹ́ ra kápúsù apakòkòrò. Kọ ìmọ̀ràn tí o máa fún un.

E. Iṣẹ́ ṣíṣe.

11. Ní méjì-méjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe nọ́ọ̀sì, kí èkejì ṣe àgbàlagbà tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́la. Kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ọ̀fun dídùn fún un ní èdè tí ó yé e, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ àgbà.
12. Ya àwòrán ẹnu, káà ọ̀fun, gògóńgò, tán-án-ná àti kòmóòkun. Fi ọ̀nà tí rọ́bà èémí ń gbà hàn, kí o sì sàmì sí ibi mẹ́ta tí ó ti lè ṣe ìpalára.